Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Ka Káàdì

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni olóòtú ètò yìí ti bi mí léèrè pé kí ni ó pa olùkọ́ èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ ihò kan lára kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ihò kékeré yẹn ni ohùn àwọn àgbà wa ń gbà kọjá kí ó tó dé ojú ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò rí ohun tí a fi sínú ihò náà, ọ̀rọ̀ ti di tiwa nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan.

Ní ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn sí mi lọ́rùn. Mo lọ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun láti gba oríkì sílẹ̀. Ìfọ́n mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí tí mo ń wí ni ìlú Olúfọ́n ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òun àti Ìlobùú jọ fara kínra, tí kò sì jìnnà sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun, tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì gbé orúkọ rẹ̀ dání, tí wọ́n sì ń pè é ní Oxalufã níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbà láti kì òrìṣà náà fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Olùkọ́, bí mo bá ṣe sọ ọ́ lónìí, èmi ò mọ̀ bóyá n ó tún lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la o." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Ẹ̀rọ yìí yóò bá wa tọ́jú rẹ̀." Nǹkan bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi kì í.

Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, ojú ni a fi ń rí àìsàn téèpù. Bí ó bá ká mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu, a ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, a ó fi bírò yí i padà, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Káàdì tí a ń lò nísinsìnyí, èyí tí àwọn tí ń ta fóònù ń pè ní mẹ́mọ́rì, kò ní ohun kan tí ń yí. Ó kéré tó èékánná ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó lè gba ohùn tí ó tó ọgọ́ta wákàtí. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ bí ó ti yẹ fún iṣẹ́ ìwádìí, tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn náà ní ìgbà 48,000 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú bíìtì 24 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, tí ohùn sì ń gba ojú méjì wọlé, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì kan. Gígábáìtì 64 ni káàdì tèmi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi káàdì yìí sínú àkọ̀ rẹ̀. Àkọ̀ ni mo pè é, nítorí pé bí idà ti í wọ inú àkọ̀ ni káàdì kékeré ṣe ń wọ inú ike pẹlẹbẹ tí ń sọ ọ́ di káàdì ńlá. Mo tì í bọ ihò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Mo dúró. Kò sí ohunkóhun tí ó yọjú. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i. Pàbó ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó bá mi lọ ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù mi wò ó, sà." Ó yọ káàdì kúrò nínú àkọ̀, ó fi í sínú fóònù. Fóònù ní káàdì náà kò ṣe é lò, pé kí a tẹ ibi kan kí òun lè tún un tò. Àtàǹpàkò ọmọ náà ti ń lọ síbẹ̀ nígbà tí mo pariwo orúkọ rẹ̀, tí onílé wa fi sáré wọlé pé kí ni ó dé.

Ohun tí fóònù ń pè ní títún-tò yẹn ni gbogbo ayé ń pè ní fọ́máàtì. Ẹ fojú inú wo ilé ìkàwé kan tí ẹnìkan wọ̀, tí kò fọwọ́ kan ìwé kankan, ṣùgbọ́n tí ó dáná sun gbogbo ìwé atọ́ka tí ń sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa kó ìwé tuntun wá, tí wọn yóò máa tò wọ́n sí ojú ìwé àtijọ́. Irú fọ́máàtì mìíràn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá gbà fún fóònù pé kí ó sọ káàdì di ara ìpamọ́ inú rẹ̀, fóònù náà yóò tún fi àṣírí tí òun nìkan mọ̀ tì í pa. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá bi yín bóyá kí ó fọ́máàtì káàdì tí ohùn ènìyàn wà nínú rẹ̀, rárá ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Gbogbo ohun mìíràn tí n ó sọ lálẹ́ yìí lè dúró de ọ̀la, ṣùgbọ́n èyí kò lè dúró.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mo ń lò nígbà náà, Linux ni ó sì wà lórí rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò adarí kan tí ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ni ó ni ín, ọ̀dọ̀ wọn ni àṣírí bí a ti hun ún sì wà. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kọ inú ètò adarí mìíràn, ó sì gbé gbogbo ohun tí ó kọ síta kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n ń pe inú ètò yìí, orúkọ náà sì wù mí púpọ̀: ẹ̀kùrọ́ ni í wà láàrin èso, tí ẹran rẹ̀ sì yí i ká. Orí ẹ̀kùrọ́ kan náà ni onírúurú ènìyàn kọ́ ètò tiwọn lé. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004, ni èyí tí mo ń lò. Inú àwọn èdè ìhà gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọ̀fẹ́ tí a ń gba Linux ni ó mú kí a fẹ́ràn rẹ̀. Lóòótọ́ ni, owó oṣù olùkọ́ kì í ṣe ohun tí a ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi dúró tì í ni pé bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ó máa ń dáhùn. Ìdáhùn náà lè gùn, ó sì lè ṣòro kà, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé "nǹkan kan ṣẹlẹ̀" kí ó sì dákẹ́.

Kí a tó bi í ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ojú àti ọwọ́ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tiwọn. Káàdì ńlá ní ojú irin mẹ́sàn-án ní ẹ̀yìn, kékeré ní mẹ́jọ. Àwọn ojú irin yìí ni ó ń kan ti inú ihò. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹ̀rọ rìn ní àkókò ọyẹ́ mọ ohun tí eruku wa lè ṣe. Ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ nu àwọn irin náà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú ihò, ẹ má fi abẹ́rẹ́ họ ọ́. Ẹ gbìyànjú àkọ̀ mìíràn, nítorí àkọ̀ a máa bàjẹ́ ju káàdì lọ. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ òsì àkọ̀ náà: ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí a lè tì sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò ka káàdì ṣùgbọ́n kò ní kọ ohunkóhun sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àbùkù ni èyí. Èmi kà á sí àǹfààní, mo sì máa ń tì í sísàlẹ̀ kí n tó gbé káàdì kan ohunkóhun. Ẹ má gbàgbé pé ike lásán ni. Ihò ni ó ń wo ibi tí ó wà, káàdì fúnra rẹ̀ kò mọ̀, nítorí náà ihò tí kò bá wò ó kò ní bọ̀wọ̀ fún un.

Ọjọ́ orí ihò náà tún ṣe pàtàkì. Ní 1999 ni àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, SanDisk, Panasonic àti Toshiba, jọ gbé irú káàdì yìí jáde, gígábáìtì méjì sì ni òpin agbára irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2006, wọ́n gbé èyí tí ó lè dé 32 jáde, wọ́n kọ SDHC sí i lójú. Ní 2009 ni SDXC dé, tí ó lè kọjá 32 lọ sókè réré. Ihò àtijọ́ kò mọ káàdì tí a bí lẹ́yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn rí bákan náà lójú. Ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ti dàgbà yẹ kí ó ka lẹ́tà kékeré tí ó wà lójú káàdì kí ó tó bínú sí ẹ̀rọ.

Gbogbo èyí ni mo yẹ̀ wò ní Ìfọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí èyí tí ó jẹ́ àìsàn wa. Ó wá ku kí a bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ óò ṣí fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ǹjẹ́ o mọ̀ pé o ní ihò káàdì? Ihò wà tí a so mọ́ inú kọ̀ǹpútà gan-an. Àṣẹ tí ń sọ nípa irú rẹ̀ ni lspci. Òmíràn wà tí ó dà bí ẹni pé a fi okùn USB so ó pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ni okùn náà wà. Àṣẹ tirẹ̀ ni lsusb. Ẹ tẹ méjèèjì, ẹ máa wá ìlà tí ó bá ní "Card Reader" nínú. Bí ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ihò wà láàyè. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti pa á nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí kọ̀ǹpútà ń kà kí ó tó jí, ó lè bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ń sùn.

Ọ̀rọ̀ sísùn yìí kì í ṣe àwàdà. Kí bátìrì lè pẹ́, kọ̀ǹpútà a máa pa iná ihò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìgbà mìíràn, tí a bá ti pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé tí a sì tún ṣí i, gbogbo ẹ̀yà ara jí, ihò káàdì kò jí. Irú èyí ni ó ṣe mí. Láti Òṣogbo dé Ìfọ́n, mo ti pa ìdérí yẹn dé tó ìgbà mẹ́rin láìpa kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Nígbà tí mo tẹ lspci, kò dárúkọ ihò rárá. Mo wá pa kọ̀ǹpútà dáadáa, mo fi káàdì sínú ihò, mo sì tàn án pẹ̀lú káàdì nínú. Nígbà tí mo tún béèrè, ìlà náà yọ. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohùn Ìyá.

Ìbéèrè kejì ni: ta ni ó ń ṣe ògbufọ̀? Àwọn Òyìnbó pe ohun tí ń bá ètò adarí sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní awakọ̀, àwọn kan láàrin wa sì ti túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun yìí kò wa nǹkankan. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ láyé ìjọba Òyìnbó, tí adájọ́ kò gbọ́ èdè ẹlẹ́jọ́, tí ẹlẹ́jọ́ kò gbọ́ ti adájọ́, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó dúró láàrin ni ó gbọ́ ti méjèèjì. Bí ògbufọ̀ kò bá wá, ẹjọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀, bí ẹlẹ́jọ́ tilẹ̀ ń pariwo. Fún ọ̀pọ̀ ihò tí ilé-iṣẹ́ Realtek ń ṣe, ògbufọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀kùrọ́ Linux ń jẹ́ rtsx_pci, èkejì rẹ̀ sì ń jẹ́ rtsx_pci_sdmmc. Àṣẹ lsmod yóò fi hàn yín bóyá wọ́n ti wọlé. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣiṣẹ́, ẹ lè ní kí èkejì náà jáde pẹ̀lú modprobe -r, kí ẹ sì tún fi modprobe pè é padà. Ẹ óò kọ sudo ṣáájú àṣẹ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó dà bí ìgbà tí a tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn sí jù ni àṣẹ tí ń jẹ́ dmesg, nítorí pé òun ni ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ẹ̀kùrọ́. Ẹ tẹ sudo dmesg -w, kí ẹ wá ti káàdì bọ ihò, kí ẹ máa wo ohun tí yóò kọ. Bí kò bá kọ ohunkóhun, ihò kò mọ̀ pé nǹkan wọlé. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ihò, àkọ̀ àti ògbufọ̀. Bí ó bá kọ àṣìṣe pẹ̀lú nọ́ńbà -110, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó pe káàdì, ó dúró títí, káàdì kò jẹ́ ẹ. Nọ́ńbà -84 túmọ̀ sí pé káàdì dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú lójú ọ̀nà. Ìdọ̀tí lójú irin, àkọ̀ tí kò dára, tàbí káàdì tí ó ń kú lọ ni ó sábà máa ń fa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ pé káàdì tuntun dé, tí ó sì dárúkọ mmcblk0, tí ó tún fi p1 tẹ̀lé e, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti rí káàdì, ó sì ti rí yàrá kan nínú rẹ̀. Àwọn ihò mìíràn tí ń ṣe bíi fíláàṣì yóò pè é ní sdb, yàrá inú rẹ̀ yóò sì jẹ́ sdb1. Àṣẹ lsblk yóò tò gbogbo wọn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, kí ẹ má baà ṣi ọwọ́ mú ibi tí iṣẹ́ tiyín wà.

Tèmi kọ mmcblk0, ó kọ p1, ó sì sọ ìwọ̀n káàdì náà bí ó ti yẹ. Mo ní kí ó ṣí i. Ó ní òun kò mọ irú ètò fáìlì tí ń jẹ́ exfat.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Káàdì yè, ihò ti jí, ògbufọ̀ àkọ́kọ́ ti dé. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì inú káàdì wà ní títò lọ́nà tí ètò adarí mi kò mọ̀ kà. Ọ̀nà ìtòfáìlì pọ̀, bí ọ̀nà ìkọ̀wé ti pọ̀. Ẹni tí ó mọ ábídí wa lè rí ìwé tí a fi ànjẹ̀mí kọ, kí ó mọ̀ pé ìwé ni, kí ó má sì lè ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Microsoft ni ó ṣe exFAT jáde ní 2006. Nígbà tí káàdì SDXC dé ní 2009, àwọn tí ń ṣòfin fún káàdì yan exFAT pé òun ni kí a máa fi to fáìlì sórí gbogbo irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ olóhun wà lórí rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Linux jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò lọ gba àṣẹ náà fún un, nítorí náà wọn kò fi í sínú ẹ̀kùrọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ ni ó ń lọ mú ètò kékeré kan wá fúnra rẹ̀. Mo rántí pé mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìfọ́n, tí mo ń ro ó pé ohùn ìyá àgbà kan wà nílẹ̀ yìí, àdéhùn tí àwọn oníṣòwò ṣe ní òkè òkun kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Fóònù ọmọ yẹn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó bá a jà: kò mọ exFAT kà. Nítorí pé kò mọ̀ ọ́n kà ni ó ṣe ní kí a pa á rẹ́.

Ọjọ́ ti yí padà díẹ̀ lórí èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 kan náà, Microsoft gbé àlàyé exFAT jáde fún gbogbo ayé, wọ́n sì gbà kí ó wọ inú Linux. Ẹ̀kùrọ́ 5.4, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ni ó kọ́kọ́ gbà á wọlé. Ní 2020, ẹ̀kùrọ́ 5.7 gba èyí tí ó dára jù ú lọ, tí àwọn ará Samsung kọ. Ẹni tí ó bá ń lo Ubuntu 20.04 tàbí èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bá ohun tí mo bá pàdé. Ṣùgbọ́n 18.04 ni tèmi, ẹ̀kùrọ́ 4.15 sì ni ó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́. Mo fi fóònù ọmọ yẹn fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà, mo tẹ sudo apt install exfat-fuse, ètò náà kò sì tóbi. Ní nǹkan bíi aago mọ́kànlá alẹ́, àwọn fáìlì tò sójú mi, mo tẹ èkíní, mo gbọ́ tí Ìyá ń tún ọ̀fun ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú ètò wa bi mí níbi yìí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ǹjẹ́ kì bá rọrùn fún yín kí ẹ ti lo Windows láti ìbẹ̀rẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Windows ì bá ka exFAT láìjanpata, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí ihò bá sùn lórí Windows, tàbí bí káàdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ fún ènìyàn kò pọ̀, lẹ́yìn èyí ni yóò ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ohùn nílò ẹ̀rọ tí ń ṣàlàyé ara rẹ̀.

Lẹ́yìn tí káàdì bá ṣí, ẹ má gbádùn rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ná. Bí káàdì bá ń ṣe àmódi, ètò kan wà tí ń jẹ́ ddrescue, tí yóò da gbogbo inú káàdì kọ sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, yóò kọ́kọ́ kó ibi tí ó dára, kí ó tó padà wá bá ibi tí ó bàjẹ́ jà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé wàhálà mi kò tíì tán. Fáìlì mẹ́ta ni mo gbà sílẹ̀; méjì pé, ìkẹta kò ní nǹkankan nínú. Bátìrì ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti kú lójijì nígbà tí Ìyá ń parí lọ, n kò sì kíyè sí i. Ẹ̀rọ kì í kọ bí ohùn ti gùn tó sínú ìwé atọ́ka àfi nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì pé ó tó. Nítorí náà, ohùn lè wà lórí káàdì, kí atọ́ka sì máa sọ pé òfo ni. Mo da káàdì náà kọ pátá, mo sì fi PhotoRec, tí Christophe Grenier kọ, wá inú ẹ̀dà náà. Ètò yìí kì í ka atọ́ka. Ó ń wá àmì tí irú fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó bá mi kó apá tí ó pọ̀ nínú fáìlì kẹta jọ. Ìparí rẹ̀ ni kò sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni bi mí nípa káàdì ayédèrú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ta káàdì tí wọ́n kọ 64 sí lójú, tí agbára rẹ̀ kò ju 8 lọ, tí a sì ti kọ́ ọ láti parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Yóò gba ohùn títí yóò fi kún, yóò sì máa ṣe bí ẹni pé ó ṣì ń gbà á. Lórí Linux, ètò kan wà tí ń jẹ́ f3: f3write yóò kọ nǹkan kún inú káàdì, f3read yóò padà kà á bóyá ó pé. Ẹ ṣe é sí káàdì tuntun kí ẹ tó gbé e lọ sóko ìwádìí, nígbà tí kò tíì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹ ó pàdánù. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ jẹun kí ẹ tó padà wá wò ó.

Nítorí ìparí fáìlì kẹta yẹn, mo padà sí Ìfọ́n lẹ́yìn oṣù méjì pẹ̀lú bátìrì tuntun mẹ́rin. Mo ṣàlàyé fún Ìyá pé ẹ̀rọ ló jẹ́ kí n tún wá yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Mo sọ fún ọ." Wọ́n kì í láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ní àárín kò ṣe é bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé tí mo fi ti ọjọ́ yẹn wé ti àkọ́kọ́, ìlà méjìlá tí wọ́n sọ ní ìgbà àkọ́kọ́ kò sí nínú èyí, àwọn ìlà tuntun sì wọlé níbi tí n kò retí. Ìparí rẹ̀ dé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni èyí tí bátìrì gbé lọ. Méjèèjì ni mo tọ́jú, lórí káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú déètì lára wọn.